Coaxial wo ni kí n rà fún sípíkà pálọ̀ bàbá mi?

ỌmọBódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan sípíkà méjì fún pálọ̀ bàbá mi n'Íbàdàn. Bàbá ti pé ẹni ọdún 74, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n sì gbọ́ àpàlà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé "mò ń gbọ́ ariwo, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀." Tí wọ́n bá jókòó dáadáa sórí àga wọn ó tún sàn díẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá nà gbalaja sórí kúṣìn ni gbogbo ẹ̀ máa ń dàrú. Sípíkà tó wà ńbẹ̀ báyìí, túwítà ẹ̀ (tó ń gbé ohùn tó ga) wà lókè, wúfà (tó ń gbé ohùn tó wúwo) wà nísàlẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ fún coaxial, ìyẹn èyí tí túwítà ẹ̀ wà nínú ìdodo wúfà gan-an.

Mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan jẹ́ coaxial mọ́tò, inch 6 àti ààbọ̀, tuntun nínú páálí. Ìkejì jẹ́ inch 8 tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́nítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ti Ítálì ni. Ìkẹta, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London lè bá mi ra tuntun tí wọ́n ṣe fún ilé. Pálọ̀ náà ò ju mítà 4 sí mítà 3.6 lọ, ámúpílífáyà mi jẹ́ wáàtì 50 lórí ohm 8. Èwo ni kí n mú?

Onísípíkà_Ọ̀jọ́
Àbúrò, fi ti mọ́tò yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò dáa o, ibi tí wọ́n ṣe é fún ni kì í ṣe pálọ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Wo àárín ẹ̀ dáadáa, wà á rí i pé orí òpó kékeré kan ni wọ́n gbé túwítà yẹn lé, ó yọ síwájú kónù (awo wúfà tó ń gbọ̀n), kò sí nínú ìdodo rárá, iwájú ìdodo ló dúró sí. Wá yí i dà kó o wẹ̀yìn ẹ̀, kàpásítọ̀ kan ṣoṣo lo máa rí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í ju 4.7 microfarad lọ. Lórí ohm 4, ìyẹn ni pé túwítà ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi títí ohùn á fi gòkè dé nǹkan bí 8 kHz (ìgbọ̀n 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ wúfà ló ń dá a rù, kò sì sí nǹkan kan tó ń gé wúfà yẹn, á kàn máa sáré lọ sókè síbi tí kónù ẹ̀ ti ń gbọ̀n jákujàku. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí bàbá fẹ́ gbọ́ wà. Ohm 4 náà tún ni, ámúpílífáyà ẹ tí wọ́n kọ ohm 8 sí lè máa gbóná lọ́wọ́ ẹ.

Ti tòkúnbọ̀ yẹn lèmi máa mú, ṣùgbọ́n má rà á lẹ́nu o. Mú mítà dání. Ẹnu wáyà mẹ́rin ni kó ní, méjì fún wúfà méjì fún túwítà, tó bá jẹ́ méjì péré ló ní, wọ́n ti so ó pọ̀ nínú, o ò ní lè fún un ní crossover tìẹ, ìyẹn ohun tó ń pín ohùn láàárín wúfà àti túwítà. Wúfà ohm 8, mítà á ka nǹkan bí 5.5 sí 6.5, tó bá ka 4 tàbí 9 bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún kọ́ílì yẹn, ìyẹn wáyà tí wọ́n yí sí ìdí kónù. Wọn túwítà náà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ kónù wọlé jẹ́jẹ́, kó dọ́gba, kó o fi etí sí i, tó o bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kọ́ílì ti ń ha ara mágínẹ́ẹ̀tì nìyẹn, dá a padà fún wọn. Bátìrì 1.5 volt lo máa fi wo ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ póṣítífù lára wúfà, kónù á fò síta tó o bá fi kàn án dáadáa, àmọ́ jọ̀ọ́ má fi bátìrì kan túwítà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ba awọ inú ẹ̀ jẹ́.

Ríkónù, ìyẹn pípààrọ̀ kónù tó ti bàjẹ́, nìṣòro tó burú jù lára coaxial. Sípíkà lásán, tí èèyàn bá ríkónù ẹ̀ á fi nǹkan ṣe gáájì sáàárín kí kọ́ílì lè dúró gún, á wá fi dọ́sítì káàpù (ìdérí àárín kónù) bò ó. Ti coaxial, ẹnu ìwo túwítà ló wà láàárín, kò sí dọ́sítì káàpù tó máa bo àṣìṣe. Mo ra méjì kan lọ́jà kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, òǹtajà búra pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án rí, ìgbà tí mo délé tí mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án ni mo rí gúlúù tó ti ṣàn wọnú ihò ìwo, ọ̀kan ń kọrin, ìkejì ń hun. Tọ́ọ̀ṣì o, àbúrò. Tàn án wọnú ihò yẹn kó o tó sanwó.

ÀdùkẹSound
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀rọ ohùn ni mò ń bójú tó ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ábẹ́òkúta, mọ́nítọ̀ ilẹ̀ tí àwọn akọrin ń gbọ́, coaxial inch 12 ni gbogbo ẹ̀, ìdí tá a sì fi yàn án náà ni ìdí tí bàbá yìí fi nílò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ ó dàrú yẹn kì í ṣe àṣejù àgbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ohùn ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá dé 2 kHz, ìgbì kan gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17. Ibẹ̀ gan-an ni wúfà ti ń gbé ohùn lé túwítà lọ́wọ́ nínú sípíkà púpọ̀. Tí túwítà bá wà lókè wúfà, èèyàn tó jókòó, ohùn méjèèjì á dé etí ẹ̀ pa pọ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, ọ̀kan á jìnnà ju ìkejì lọ, tí ìyàtọ̀ yẹn bá fi lè tó sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀, ọ̀kan ń tì síwájú bí ìkejì ṣe ń fà sẹ́yìn, wọ́n pa ara wọn, ihò sì ṣí sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Coaxial ò ní wàhálà yẹn torí ibì kan náà lohùn méjèèjì ti ń jáde, ẹ ì báà dúró, ẹ ì báà dùbúlẹ̀, ẹ ì báà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àyẹ̀wò tèmi tí kì í tàn mí jẹ nìyí, ẹ ò ní ra nǹkan kan. Ẹ fi fóònù gba ohùn ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ ohùn ẹ̀ dénú egungun, ìyá yín tàbí bàbá fúnra wọn, kí wọ́n sọ "ó sàn" kí wọ́n sọ "ó ṣàn", "sá" àti "ṣá", kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìró ṣ wa yẹn, agbára ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2 kHz lọ sókè, orí oríkèé crossover ló jókòó sí gẹ́lẹ́. Ìró s ga jù bẹ́ẹ̀, òkè 5 kHz ló ti ń dún jù, ìpín túwítà nìyẹn. Tí oríkèé yẹn bá wọ́, ṣ á wúwo, á fẹ́ dà bí ẹni tí nǹkan wà lẹ́nu ẹ̀, tí túwítà bá burú, s á máa súfèé. Ẹ gbọ́ ọ níjòkòó, ẹ gbọ́ ọ ní dídùbúlẹ̀ sórí kúṣìn yẹn kan náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Coaxial tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, sàn á máa jẹ́ sàn, ṣàn á máa jẹ́ ṣàn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ tún fi ìlù dùndún dán an wò. Ẹ gbọ́ bóyá igi tó ń lu awọ àti ohùn tó ń jáde nínú ìlù wà lójú kan náà, lára sípíkà tí ò dáa, ẹ máa gbọ́ igi lókè tí ẹ máa gbọ́ awọ nísàlẹ̀, bíi pé èèyàn méjì ló ń lù ú.

Olóhùn_Àkúrẹ́
Gbogbo yín kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi í léèrè bí pálọ̀ náà ṣe rí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táìsì ló wà nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé, kò sí rọ́ọ̀gì, kò sí kọ́tìnì tó nípọn. Ohùn á kàn máa ta padà láti ògiri sí ògiri, ìró kan ò ní tíì parí tí ìkejì á ti dé. Ó lè lọ ra coaxial tó dáa jù láyé, bàbá á ṣì máa gbọ́ ariwo. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ rọ́ọ̀gì síwájú kúṣìn, ẹ fi kọ́tìnì tó wúwo síbẹ̀. Kí wọ́n sì mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ẹni ọdún 74 ni, ọ̀pọ̀ àgbà ni etí wọn ò gbé ohùn òkè mọ́, kò sí sípíkà tó máa tún ìyẹn ṣe.

ÀdùkẹSound
Òótọ́ lẹ sọ nípa rọ́ọ̀gì, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ tó bá jókòó tí ò gbọ́ tó bá dùbúlẹ̀, etí nìkan kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n ṣe méjèèjì.

ỌmọPeckham
Bọ̀dá Bódìjà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. London ni mo wà, mo ti kan mẹ́rin báyìí. Ìlú ibí yìí ni Tannoy ti gbé Dual Concentric wọn jáde lọ́dún 1947, ohùn túwítà ń gba inú mágínẹ́ẹ̀tì wúfà kọjá, kónù wúfà wá ń ṣe bí ẹnu fèrè fún un. Ohun tí inch 8 ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì ń ṣe títí dòní nìyẹn. Irú kejì ni ti KEF, Uni-Q, 1988, mágínẹ́ẹ̀tì neodymium ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, torí agbára ẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé túwítà kékeré lè wọ inú kọ́ílì wúfà fúnra ẹ̀. Irú yẹn ni èyí tí SEAS ti Norway àti SB Acoustics ń ta fáwa tá a ń fọwọ́ kàn án, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n yín lè bá yín rà.

Iyàtọ̀ wọn fún yín: ti ṣọ́ọ̀ṣì á ké púpọ̀ lórí wáàtì díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 95 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ké tó) sí lórí wáàtì 1, èyí tí wọ́n kọ 86 sí á nílò wáàtì 8 kó tó lè bá a dọ́gba. Ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ tí ẹ wà lórí ínfátà, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n báàsì ẹ̀ kò ní jinlẹ̀, túwítà ẹ̀ sì máa ń ké ju wúfà lọ pẹ̀lú nǹkan bí 10 dB, ẹ gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fún túwítà ohm 8, resistor 5.6 lójú ọ̀nà àti 3.7 tó dábùú lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn á mú un wálẹ̀ ní 10 dB. Ẹ má ra bọ́ọ̀dù crossover tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ tí wọ́n kọ "2 way 8 ohm" sí, ẹni tó ṣe é ò mọ sípíkà yín. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ ya máíkì wíwọ̀n, UMIK-1 ló wọ́pọ̀, REW tó ń wọn ohùn lórí kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, VituixCAD tẹ́ ẹ máa fi ṣètò crossover náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé àpótí sókè, kó jìnnà sílẹ̀ àti sí àjà bákan náà, máíkì mítà 1. Tí àjà bá jẹ́ mítà 2.7, nǹkan bí 5.5 millisecond lẹ ní kí ohùn ilẹ̀ tó padà dé máíkì, ẹ gé e síbẹ̀, ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ 200 Hz nínú ìwọ̀n yẹn ẹ má gbà á gbọ́, ẹ gbé máíkì súnmọ́ kónù gan-an kẹ́ ẹ fi wọn báàsì lọ́tọ̀. Wúfà nìkan, túwítà nìkan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí àpótí ní digíríì 15, 30, 45, títí dé 60.

Ẹ gbọ́ èyí o, nítorí òun ló máa ń já àwọn èèyàn láyà: tí ẹ bá wọn coaxial ní ọ̀kánkán gan-an, ẹ lè rí kòtò kan lókè, bóyá níbi 5 tàbí 8 kHz. Etí kónù àti róbà tó yí i ká jìnnà bákan náà sí túwítà yíká, ohùn tó bá ta lára wọn dé máíkì lẹ́ẹ̀kan náà ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní digíríì 10 sí 15 kòtò náà á kún. Ẹ má fi equalizer dí i, ẹ kàn má kọjú sípíkà sí bàbá tààrà.

Tí ẹ bá ti so crossover pọ̀, ẹ yí wáyà túwítà padà kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ihò tó jìn gbọ́dọ̀ ṣí nínú ìwọ̀n náà níbi oríkèé. Tí kò bá sí ihò, tàbí tó kàn dẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wúfà àti túwítà ò tíì máa rìn pọ̀, torí túwítà ti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wà lẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 7 péré túmọ̀ sí 0.2 millisecond tó fi máa pẹ́ dé. Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn: ẹ jẹ́ kí REW máa ṣe 40 Hz àti 3 kHz lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa gbé 40 yẹn sókè díẹ̀díẹ̀. Tí 3 kHz bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kónù tó ń sáré wá sáré lọ ló ń gbọn ẹnu fèrè túwítà, ẹ gé báàsì kúrò lára ẹ̀ ní 80 tàbí 100 Hz, kẹ́ ẹ fi sub (sípíkà tó wà fún báàsì nìkan) gbé ìyókù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òṣogbo
Mo ti ń dúró kẹ́nì kan dá orúkọ pákó. Plywood 18 mm ni kẹ́ ẹ lò, MDF dùn-ún gé àmọ́ omi ń wọ̀ ọ́ lásìkò òjò. Nípa títóbi àpótí, ẹ ní kí òǹtajà fún yín ní orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ wá Qts àti Vas ẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò bí àpótí sípíkà ṣe máa tóbi tó. Bí àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ Vas 40 lítà, Qts 0.4, tẹ́ ẹ sì fẹ́ àpótí tó dí pa tó máa gbé Qts yẹn dé 0.7, ẹ fi 0.4 pín 0.7, ẹ sọ èsì ẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi pín 40, nǹkan bí lítà 19 ni. Coaxial ti ṣọ́ọ̀ṣì gùn sẹ́yìn gan-an, òun fúnra ẹ̀ lè jẹ lítà kan àti ààbọ̀, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 3 wà láàárín ìdí ẹ̀ àti pákó ẹ̀yìn. Inú tó jẹ́ 24 sí 25 sí 35 sẹ̀ǹtímítà á tó yín.

Ojú ihò tí sípíkà máa wọ̀, ẹ gbẹ́ ẹ wọnú kí etí sípíkà àti ojú pákó tẹ́ bákan náà, tí ìka bá ń kọ̀ níbẹ̀ túwítà á máa ta lára ẹ̀. Láti inú, ẹ fi ràsípù gé etí ihò sí ìdagẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀yìn kónù lè mí. Fún inú, òwú àràbà tí wọ́n ń kì sí ìrọ̀rí, ẹ tú u dáadáa kó fúyẹ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dì í mọ́ ẹ̀yìn kó má bọ́ sínú kọ́ílì.

ỌmọBódìjà
Mo padà dé o, ọ̀sẹ̀ méje. Inch 8 márùn-ún ni wọ́n gbé jáde fún mi. Mítà lé ọ̀kan jáde, ọ̀kan ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì fi ìdọ̀tí irin hàn mí nínú ihò ìkẹta, ó lẹ̀ mọ́ ibi mágínẹ́ẹ̀tì bí irùngbọ̀n. Méjì tó kù ka 5.7 àti 5.8. Àwọn ni mo rà.

Kòtò tí ẹ sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní 6 kHz lọ́kànkán, digíríì 15 ó lọ. Mo wá kọjú sípíkà méjèèjì síra wọn níwájú bàbá, kí ojú wọn pàdé kó tó dé kúṣìn. Oríkèé crossover ló yọ mí lẹ́nu jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pààrọ̀ kọ́ílì kí ihò tó ṣí dáadáa ìgbà tí mo yí wáyà padà. Mo gé báàsì ní 90 Hz, sub àtijọ́ ló ń gbé ìyókù. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì náà, ẹ ṣé ọ̀gá Àkúrẹ́, a ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà etí pẹ̀lú.

Mo gba ohùn ìyá mi sílẹ̀, sàn àti ṣàn. Bàbá wà lórí kúṣìn, wọ́n nà gbalaja, ojú wọn wà ní dídì. Wọ́n ní, "Kí ló ṣàn, tí ìyá yín ń pariwo ẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

ÀdùkẹSound
Orí mi wú. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òṣogbo
Ọyẹ́ ń bọ̀ o. Kí lẹ fi bo ojú ẹ̀?

ỌmọBódìjà
Kò tíì sí nǹkan kan lójú ẹ̀, ọ̀gá. Ṣé aṣọ lásán lè ṣe é?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òṣogbo
Èyí tí atẹ́gùn ẹnu yín bá ń gbà kọjá tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ lára ẹ̀. Ẹ nà án sórí férémù tínrín tí etí ẹ̀ ò nípọn, ẹ jẹ́ kó ṣeé yọ kẹ́ ẹ lè fọ̀ ọ́. Ẹ fi bò ó kí oṣù kọkànlá tó parí, eruku tó bá ti wọnú ihò ìwo yẹn kì í jáde mọ́.